Kòtò Tí Wọ́n Ti Dí

Alága wa, tísà àgbà, ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ṣùgbọ́n tí ẹ kò tíì fẹ̀yìn tì lẹ́nu bíbá èèyàn wí, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà lórí àga iwájú, tí orúnkún kò jẹ́ kí ẹ gun kẹ̀kẹ́ mọ́, mo kí yín. Mo ń bọ̀ wá bá yín níbẹ̀. Ẹ̀yin aya àti ọkọ àwọn ọ̀rẹ́ mi, tí a máa ń dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, ẹ foríjì wá. Ìyá ilé mi, mo kí ọ lọ́tọ̀, nítorí bí mo bá gbàgbé, ilé ni n ó ti gbọ́ ọ. Gbogbo ẹ̀yin ọ̀rẹ́ oníkẹ̀kẹ́, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o.

Wọ́n ní kí n wá dágbére. Ẹ mọ̀ pé n kò wọ ilé ìwé rí. Ìyàwó ọmọ mi ni mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ń kà á padà sí mi létí títí tó fi wọ̀ mí lórí. Bí ẹ bá gbọ́ gbólóhùn tó dán jù, tirẹ̀ ni. Èyí tó bá rí gbágungbàgun, tèmi ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdágbére nìkan ló gbé mi dìde. Ẹnì kan jókòó láàárín yín tó ti ń dúró de ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu mi láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Bí mo bá sọ ọ́, ó ṣeé ṣe kó padà sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bí mo bá gbé e mì, a jẹ́ pé a ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn, èmi ni mo sì lé e lọ. Ẹ ní sùúrù fún mi. Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo, mo ní láti rìn dé ibẹ̀.

Ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Oko bàbá mi jìnnà sílé, kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ló ní, èmi ni mo sì máa ń fi í kó àgbàdo wálé. Bàbá mi kò bi ẹnikẹ́ni lọ́nà rí láyé rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó sọnù láti àárọ̀ di ọ̀sán nínú igbó tí wọ́n bí i sí. Nígbà tó délé, tí ẹ̀gún ti ya ẹ̀wù mọ́ ọn lára, ó ní òun lọ wo ilẹ̀ ni. Nígbà tó kú, àwọn ẹ̀gbọ́n mi jogún oko. Èmi jogún agídí.

Mo gbé agídí yẹn dé ẹnu iṣẹ́ bíríkìlà. Ibẹ̀ ni èmi àti káfíńtà ti pàdé, èmi ń mọ ògiri, òun ń kan òrùlé lé e. A jọ ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́, a jọ ń gùn ún bọ̀, títí a fi rí i pé ọ̀nà náà dùn mọ́ wa ju iṣẹ́ lọ. Télọ̀ wá dara pọ̀ mọ́ wa. Tísà tẹ̀ lé e. Nọ́ọ̀sì ló dé kẹ́yìn, òun ló sì kéré jù nínú wa. Ọdún mọ́kàndínlógún rè é tí a ti bẹ̀rẹ̀, Sátidé lẹ́yìn Sátidé.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í bá wa lọ, ẹ lè máa rò pé eré ìdárayá la ń ṣe. Ara la kọ́kọ́ wá tọ́jú, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òkè kan wà lẹ́yìn ilé omi-ẹ̀rọ, òkè yẹn ni ilé ìgbìmọ̀ wa. Bí a bá ti ń gùn ún, ẹni tí nǹkan bá wúwo lọ́kàn rẹ̀ á sọ ọ́. A kì í sọ ọ́ níbi tó tẹ́jú. Télọ̀ ló fi òfin yẹn lélẹ̀. Ó ní ẹni tó ń gun òkè kò ní èémí tí yóò fi purọ́. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dá a lóhùn títí a ó fi sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì, kí ìmọ̀ràn má baà ṣáájú etí.

Lórí òkè yẹn ni káfíńtà ti sọ pé àjà tí òun kàn já bọ́ nílé oníbàárà, pé oorun kò kun òun láti ọjọ́ mẹ́ta. Lórí òkè yẹn ni tísà ti sọ pé ilé dákẹ́ jù látìgbà tí òun ti fẹ̀yìn tì, pé òun máa ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì òun nínú ilé ìwẹ̀. Ẹ má bínú, Alága, ẹ ti ní kí n má sọ èyí. Ibẹ̀ náà ni télọ̀ ti sọ fún wa pé dókítà ní kókó ọmú òun kì í ṣe èyí tó ń pani. Ó ń sunkún, ó ń wa kẹ̀kẹ́, àwa náà ń sunkún tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá pàdé wa lọ́jọ́ yẹn á ti rò pé òkú là ń sìn lọ.

Èmi ńkọ́? Kí ni mo sọ lórí òkè yẹn láti ọdún mọ́kàndínlógún? Ẹ bi ara yín. Nǹkan kan kò jáde lẹ́nu mi rí. Èmi ni Bàbá Iwájú. Ẹ̀yìn mi ni wọ́n ń rí, wọn kì í rí ojú mi.

Iṣẹ́ ẹni iwájú ni kó máa pe ojú ọ̀nà. Bó bá rí kòtò, á kígbe pé, "Kòtò lósì!" Ẹni tó tẹ̀ lé e á gbà á, á jù ú sí ẹni ẹ̀yìn rẹ̀, títí dé orí ẹni ìkẹyìn. Gbogbo wọn á sì yà sápá ọ̀tún. Ẹni tó wà lẹ́yìn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà, ẹ̀yìn ẹni tó ṣáájú rẹ̀ ló ń wò. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu mi ni ojú wọn.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, bí ẹni pé mò ń yọjú wo ìta láti inú ihò kọ́kọ́rọ́. Ta ló máa mọ̀? Ẹni tí kò mọ̀wé kà, tí ojú rẹ̀ ń kú lọ, ìwé kò lè tú u fó. Bí wọ́n bá gbé ìwé fún mi, tí mo ní n kò rí i kà, wọ́n á ní, "Bàbá, a ti mọ̀." Ìyá ilé mi nìkan ló fura. Ó ní, "Bàbá wọn, ẹ tún ti fọwọ́ gbá ife dànù. Ẹ̀ẹ̀kẹta lọ́sẹ̀ yìí nìyí o." Mo ní, "Ta ló ní kó o gbé ife síbi tí ọwọ́ èèyàn ń gbà kọjá?"

Báwo ni mo ṣe wá ń ṣáájú? Mo há ọ̀nà sórí ni. Mo mọ gbogbo kòtò rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan bí mo ṣe mọ àwọn ọmọ mi. Bí táyà mi bá ti gun afárá kékeré, mo mọ̀ pé kòtò ńlá iwájú ilé búrẹ́dì ti kù dẹ̀dẹ̀. Màá kígbe, wọ́n á yà. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé wọ́n ti dí kòtò yẹn.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún! Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi ń pe kòtò tí kò sí níbẹ̀, tí àwọn tí ojú wọn ríran kedere sì ń yà fún ilẹ̀ tó tẹ́jú bíi tábìlì. Télọ̀ padà wá sọ fún mi pé, "Lọ́sẹ̀ kìíní, a ní ká má dójú tì yín. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ojú ti ń ti àwa náà láti sọ ọ́. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó ti di ara ọ̀nà."

Sátidé kẹfà ni nǹkan bàjẹ́. A ti sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, kẹ̀kẹ́ ń sáré. Àwọn tó ń kọ́lé ti da òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́bàá ọ̀nà, ó sì ti ṣàn bọ́ sójú títì. Òkúta ilé kíkọ́ o! Ohun tí mo fi ogójì ọdún gbé lórí. N kò rí i, n kò pè é. Èmi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, orí ló kó mi yọ. Nọ́ọ̀sì ló tẹ̀ lé mi. Òun ló gùn ún. A gbọ́ ìró ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe dá.

Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi kò jìn sí i. Ọmọ ọlọ́mọ ni mo fà jù sí i. Kí táyà rẹ̀ tó dẹ́kun yíyí lókè ni mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kí ni mo sì sọ? Níwájú gbogbo wọn, pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ tó ń wú, mo ní, "Ṣé ẹ rí i? Mo ti sọ fún un pé kó yé sún mọ́ mi jù."

Wọ́n gbà mí gbọ́. Káfíńtà tiẹ̀ bá a wí. Látọjọ́ yẹn, a kò rí i ní Sátidé mọ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdé, mo fẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà lémi nìkan. Níwájú ilé búrẹ́dì, mo fẹsẹ̀ wá kòtò títí, n kò kàn án. Obìnrin oníbúrẹ́dì jáde sí mi, ó ní, "Bàbá, kí lẹ sọ nù?" Mo ní, "Kòtò." Ó ní, "Háà, wọ́n mà ti dí i ó ti pẹ́. Mo tiẹ̀ fẹ́ bi yín léèrè, àwọn ẹgbẹ́ yín yìí, ṣé ẹ jẹ́jẹ̀ẹ́ ni tí ẹ fi máa ń yà níbẹ̀?" Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀.

Mo lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ó ní èyí tó ti lọ kò ní padà, ṣùgbọ́n oògùn tí a ó máa kán sí i lè dá èyí tó kù dúró. Ó ní n kò gbọdọ̀ gun kẹ̀kẹ́ lójú títì mọ́. Ìyẹn kò ṣòro tó ohun tó kù. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń lọ sílé nọ́ọ̀sì tí mo ń ti ìkóríta padà.

Lọ́jọ́ tí mo wá débẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ wọlé, Bàbá. Ẹ rọra, àtẹ̀gùn kan wà níwájú yín."

Mo ní, "Ta ló sọ fún ọ pé n kò rí àtẹ̀gùn?"

Ó ní, "Nọ́ọ̀sì ni mí, Bàbá."

Bí mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé nìyẹn tó dá mi dúró. Ẹ fetí sí ohun tó sọ. Ó ní, "Mo rí òkúta yẹn kí ẹ tó dé ibẹ̀. Mo ní ẹ máa pè é. Nígbà tí ẹ kò pè é, mo rò pé ojú mi ló ń tàn mí. Ẹnu yín ni mo gbà gbọ́ ju ojú ara mi lọ." Ó na ọwọ́ náà sí mi. "Ọwọ́ ti jinná. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lójú gbogbo wọn ni kò jinná. Ojú gbogbo wọn náà ni kí ẹ ti kó o jẹ. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, mo ń bọ̀."

Ṣé ẹ rò pé mo gbà kíá? Ọmọ bàbá mi ni mí. Mo bínú délé. Mo fi ọ̀sẹ̀ méjì sọ pé ọmọdé kì í pàṣẹ fún àgbà. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ìyá ilé mi ní, "Bàbá yín sọnù, ó ní òun lọ wo ilẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́, ilẹ̀ wo lẹ̀ ń wò?"

Ó dáa. Mo ti dé ibẹ̀ báyìí.

Nọ́ọ̀sì kò sún mọ́ mi jù. Ibi tó yẹ kó wà gan-an ló wà. N kò sì kìlọ̀ kankan fún un ṣáájú. Mo purọ́ ìyẹn náà mọ́ ọn. Ojú mi kò rí òkúta, mo mọ̀ pé ojú mi kò ríran mọ́, agídí ni kò jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ mi, mo ṣẹ̀ ọ́. Mo tọrọ àforíjì, níwájú gbogbo wọn.

Ẹ wò ó. Òrùlé kò wó. Ọdún méjì ni mo fi bẹ̀rù ọ̀rọ̀ tí kò tó ìṣẹ́jú kan! Àyà mi fúyẹ́ bí ẹni tó sọ àpò sìmẹ́ǹtì kalẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bọ̀wọ̀ fún mi, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ yẹn pẹ̀lú irọ́ tèmi ló jọ ṣẹ́ ọmọ yìí lọ́wọ́. Bí àgbà bá pe kòtò níbi tí kò sí, ẹ sọ fún un. Á bínú, ẹ jẹ́ kó bínú. Ẹni tó sì rí òkúta tí èmi kò rí, òun ni mo ní kó wà níwájú báyìí. Káfíńtà, mo gbọ́ ọ tó o ń kùn. Ìwọ kọ́.

Nọ́ọ̀sì, níbo lo wà? Ẹ má nàka fún mi, n kò rí ìka yín. Ẹ jẹ́ kó fọhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, ṣé ẹ gbọ́? Ó ní òun wà níbí. Ó ní aago mẹ́fà ààbọ̀ ni Sátidé, pé ẹni tó bá pẹ́, òun kò ní dúró dè é.

Ọlọ́run á dá ẹsẹ̀ yín sí. Ilé kò ní le koko mọ́ yín, ọ̀nà kò ní ṣe yín. Ohun tó bá wúwo lọ́kàn yín, ẹ ó rí ẹni sọ ọ́ fún, ẹni náà á sì ní sùúrù títí ẹ ó fi sọ ọ́ tán. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí agídí mú wa jìnnà sí ẹni tó fẹ́ràn wa.

Mo ti sọ̀ kalẹ̀ o, ara sì tù mí. Ìyá ilé mi, wá fún mi lọ́wọ́ mú, mi ò mọ ibi tí àga mi wà. Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ ṣé gan-an ni.