Ìkíni Ni Obìnrin Yẹn Ń Kí

Ẹ má tíì pa iná. Mo mọ̀ pé sinimá lẹ bá wá, ẹ ò bá tèmi wá. Ṣùgbọ́n ohun kan ti há mi lọ́fun láti ọdún mẹ́fà, dókítà sì ti sọ fún mi pé kíndìnrín mi méjèèjì ti ń dágbére. Inú gbọ̀ngàn yìí ni mo ti ṣe é, inú ẹ̀ náà ni màá ti sọ ọ́.

Èmi ni Ẹnu Íńdíà. Ẹ̀yin lẹ sọ mí lórúkọ yẹn nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ayẹyẹ sinimá Íńdíà wá sí àwọn ìlú ẹ̀yìn odò yìí. Àwọn fíìmù tí wọ́n kó dé kò ní ọ̀rọ̀ kankan nísàlẹ̀ àwòrán, Alága ayẹyẹ sì ń wá ẹni tó gbọ́ èdè náà kiri. Mo ní mo gbọ́ ọ. Irọ́ ni. Kí n tó di tíṣà, mo bá oníṣòwò ará Íńdíà kan ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rù rẹ̀, gbogbo ohun tí mo sì gbọ́ níbẹ̀ kò ju "gbé e", "yára" àti èébú mẹ́ta lọ. Kò sẹ́ni tó dán mi wò. Ìyẹn ṣì ń bí mi nínú títí dòní: ká ní ẹnì kan bi mí ní ìbéèrè kan péré, ojú ì bá tì mí, ọ̀rọ̀ ì bá sì tán síbẹ̀. Ẹ tún rí mi bí, mo tún ń wá ẹni tí màá di ẹ̀bi lé lórí.

A máa ń fi tapólì bo fèrèsé lọ́sàn-án gangan, a ó ta aṣọ funfun sára ògiri, dẹ́rẹ́bà wa á tan ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán jáde, èmi á sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ pẹ̀lú gbohùngbohùn. Ẹ̀rọ játijàti yẹn kì í ṣiṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú kó má gbóná, kó má kú. Bó bá ti kú, ẹ̀yin á máa kùn, èmi á sì máa fi ìtàn dí àlàfo. Bí irọ́ ṣe mọ́ mi lẹ́nu nìyẹn. Bí òṣèré bá sunkún, mo ní ìyá ẹ̀ ló kú. Bó bá rẹ́rìn-ín, mo ní ìyàwó ẹ̀ ti lóyún. Ẹ ń pàtẹ́wọ́, orí mi ń wú.

Fíìmù kẹta ni ti opó. Wọ́n gbé òkú ọkọ obìnrin náà kọjá, ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ìyá ọkọ rẹ̀. Láàárín tiwa, ta ló ń di ẹsẹ̀ ẹlòmíì mú bí kò ṣe ẹni tó jẹ̀bi? Mi ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Ẹ gbọ́, ó ti jẹ́wọ́. Ó ní, Màámi, ẹ ṣàánú mi, èmi ni mo fún un ní májèlé jẹ." Gbogbo gbọ̀ngàn mí kanlẹ̀. Bàbá kan lẹ́yìn ní, "Mo ti mọ̀ ọ́n lójú ẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Ìyá Oníbúrẹ́dì wà lórí ìjókòó kejì níwájú lọ́jọ́ náà, ibẹ̀ náà ló sì wà lónìí. Oṣù méjì ṣáájú ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kú, ibà ọjọ́ mẹ́ta ló pa á. Ìyàwó ọmọ náà ni aránṣọ tó ń rán aṣọ iléèwé fún àwọn ọmọ yín, ó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin ọdún mẹ́ta. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, níbi tí àwọn méjèèjì ti ń po ìyẹ̀fun, ẹkún ọkọ gbé e, ó wó lulẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ìyá náà mú. "Màámi, ẹ má lé mi o." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá fa ẹsẹ̀ yọ, ó ní, "Kí lo fún ọmọ mi jẹ?" Kí oòrùn tó wọ̀, ẹ ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ síta, ọmọ rẹ̀ sì kù sẹ́yìn.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn, ní ìlú mìíràn, dókítà obìnrin kan tó jẹ́ ará Íńdíà wá wo fíìmù yẹn. Ó ti pẹ́ ní ilé ìwòsàn wọn, ó gbọ́ èdè wa dáadáa. Ó ní, "Tíṣà, ta ló sọ fún yín pé ó pa ọkọ ẹ̀? Ìkíni nìyẹn. Bí a ṣe ń kí àgbà nìyẹn, kí wọ́n lè súre fún wa." Dẹ́rẹ́bà wà níbẹ̀. Òun ló ti gbọ́ pé wọ́n ti lé aránṣọ jáde. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ ká padà lọ sọ fún wọn. Wákàtí mẹ́ta péré ni." Mo ní ọ̀nà ò dáa. Mo ní òjò ń bọ̀. Òjò ò rọ̀.

Èyí tó burú jù ló kù. Nígbà tí iléèwé wọlé, Ìyá Oníbúrẹ́dì wá mi wá. Ó wọ ọkọ̀ méjì, ó tún wọ ọkọ̀ ojú omi, ó bá mi nídìí bọ́ọ̀dù níbi tí mo ti ń kọ ìṣirò. Ó ti rù. Ó ní, "Tíṣà, mi ò rí oorun sùn. Ọmọ yẹn ń pe ìyá ẹ̀ ṣáá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó dá yín lójú, ohun tí obìnrin inú fíìmù yẹn sọ? Bó bá jẹ́ pé ẹ ṣì í gbọ́ ni, ẹ sọ fún mi, màá lọ mú ìyàwó mi wálé." Ó ti ṣílẹ̀kùn fún mi, kí n ṣáà wọlé ni. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń wò mí, àwọn náà ń pè mí ní Ẹnu Íńdíà. Mo ní, "Ó dá mi lójú, Màámi. Mo gbọ́ ọ ketekete." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó gbé búrẹ́dì tó mú wá fún mi, mo sì jẹ ẹ́.

Lóṣù tó kọjá mo wá aránṣọ lọ síbi tó ń gbé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo nawọ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fà á sẹ́yìn sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ní, "Ẹ dìde, Tíṣà. Èmi kọ́ lẹ parọ́ fún. Ẹ lọ sọ ọ́ fún àwọn tí ẹ parọ́ fún." Ìdí tí mo fi gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ Alága lónìí nìyẹn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá bi yín ní ohun tí ẹ ò mọ̀, ẹ ní ẹ ò mọ̀. Kì í pani. Màámi, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín àti lọ́wọ́ ọmọ tó jókòó tì yín yẹn, bí ẹ ò bá sì dárí jì mí, mi ò ní bá yín wí. Ibi tí ìyàwó yín wà kò ju wákàtí mẹ́ta lọ, ọ̀nà ibẹ̀ sì dáa. Fíìmù opó yẹn náà ni wọ́n fẹ́ fi hàn yín báyìí, wọ́n ti kọ èdè wa sísàlẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí opó náà bá ti fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ìyá ọkọ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ sílẹ̀, ọwọ́ ìyá náà ni kí ẹ máa wò. Ó gbé e lé ìyàwó ọmọ rẹ̀ lórí, ó sì fi síbẹ̀ pẹ́. Ọwọ́ yẹn wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn náà, ariwo ẹnu mi ni kò jẹ́ kí ẹ rí i. Ẹ lè pa iná wàyí.