Omi Tí Mo Bù Sínú Epo

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, adájọ́ ti ní kí wọ́n so mí rọ̀. Ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ Hausa ni mo wà. Wọ́dà tó ń gbé oúnjẹ fún mi kò tilẹ̀ gbọ́ èdè mi. Ẹni tí mo pè ní ọ̀rẹ́ ló júwe ọ̀nà ibí fún mi, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn ín.

Ọmọ Ìkòyí ní Ìjùmú, nítòsí Kàbà lábẹ́ ìjọba Àríwá, ni mí. Nígbà tí òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí wá epo pupa lójú méjèèjì, ayé dẹ̀ wá lọ́rùn. Ọkọ̀ akẹ́rù ń ti Kàbà wọlé, ilé koríko ń di ilé páànù, ẹni tí kò wọ bàtà rí ń gun kẹ̀kẹ́ tuntun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá mi ló ń ṣe epo. Èmi a gbé e lọ fún Sámúẹ́lì, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, tó ń rà á fún àwọn òyìnbó.

Lọ́jọ́ kan ó rẹ́rìn-ín sí mi. "Epo yìí mà ki jù. Bu omi gbígbóná díẹ̀ sí i. Ta ni yóò mọ̀?"

Mo bù ú. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Mo tún bù ú, títí èmi náà fi kan páànù sórí ilé mi.

Ìjọba wá rán Báyọ̀dé, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ẹkìnrìn-Àdé, láti máa yẹ epo wò. Ó gbé epo mi kaná, epo náà ń ta pàrà-pàrà. Ó fà mí sẹ́yìn ilé, ó kí mi bí a ti ń kí ara wa nílẹ̀ wa.

"Òkun o, ẹ̀gbọ́n. Omi wà nínú epo yín. Ẹ lọ tún un sè. N kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ojú tì mí. Mo pinnu pé n kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo sọ fún Sámúẹ́lì. Ojú rẹ̀ yí padà.

"O gbà á gbọ́? Mo rí ìwé tó kọ. Orúkọ rẹ ló wà níbẹ̀. Lọ́la ló ń gbé e lọ fún Ajẹ́lẹ̀ ní Kàbà."

"Kí ni kí n ṣe?"

"Dá a lọ́nà, kí o gba ìwé náà. Mo wà lẹ́yìn rẹ."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Báyọ̀dé rí mi lójú ọ̀nà, ó sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ó kí mi. Mo ní kó gbé ìwé wá.

"Ìwé wo, ẹ̀gbọ́n?"

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fi àdá tí mo mú dání ṣá a. Nígbà tó ṣubú, mo bojú wẹ̀yìn. Sámúẹ́lì kò sí níbẹ̀. Mo sá lọ, n kò tilẹ̀ rántí gba àpò rẹ̀.

Ní kóòtù, Sámúẹ́lì gbé ọwọ́ lé Bíbélì. "Mo bẹ̀ ẹ́ títí pé kó má pa á," ó ní. Kò wo ojú mi. Ìgbà náà ni wọ́n ka ìwé tí ọlọ́pàá rí nínú àpò Báyọ̀dé. Orúkọ Sámúẹ́lì ló wà níbẹ̀, pé òun ló ń kọ́ àwọn ènìyàn láti máa bu omi sí epo. Orúkọ mi kò sí níbẹ̀ rárá. Mo kígbe pé òun ló rán mi, ṣùgbọ́n n kò ní ẹlẹ́rìí. Wọ́n lé Sámúẹ́lì níṣẹ́, ó parí síbẹ̀.

Bí wọ́n ti ń mú mi jáde, ìyá Báyọ̀dé dúró níwájú mi. "Kí ni ọmọ mi ṣe fún ọ?"

Ọlọ́pàá fà mí kọjá lọ, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ni mo ń gbọ́ títí di òní.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe bá mi rin ọ̀nà yìí. Bí ọ̀rẹ́ yín bá sọ pé ẹnìkan fẹ́ ba ayé yín jẹ́, ẹ lọ bá ẹni náà, ẹ bi í léèrè. Ṣùgbọ́n ẹ fi àdá sílẹ̀ nílé.