Gọ́tà Tí Oyèníran Gbẹ́ Sídìí Abura

[Warehouse Road, Àpápá, ọdún 1983. Fóònù ọ́fíìsì ń dún. Sàfúrátù ló ń pè láti ilé ìfìwéránṣẹ́ Ẹ̀pẹ́. Oyèníran àbúrò rẹ̀ ló gbé e.]

OYÈNÍRAN: Hello? Clearing section.

SÀFÚRÁTÙ: Oyèníran, èmi ni. Ṣé ẹ jí dáadáa ńlé?

OYÈNÍRAN: Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ káàárọ̀ mà. Ìyá ńkọ́—

SÀFÚRÁTÙ: Ìyá wà. Ìyàwó ńkọ́? Ajégúnlẹ̀ ńkọ́?

OYÈNÍRAN: A dúpẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ kan ń dúró dè mí ní wharf—

SÀFÚRÁTÙ: Kó dúró! Ṣé o mọ ibi tí Ìyá jókòó sí báyìí? Ìdí igi abura. Ó tẹ́ ẹní sórí gbòǹgbò, ó ní kí àwọn agégi rẹ kọ́kọ́ fi ayùn la òun.

OYÈNÍRAN: Ah! Wọ́n ti dé?

SÀFÚRÁTÙ: Wọ́n ti dé! Ta ló rán wọn sí igi Bàbá?

OYÈNÍRAN: Èmi ni. Igi ti kú, ẹ̀gbọ́n mi. Kí ikán tó jẹ ẹ́ tán—

SÀFÚRÁTÙ: Ta ló kú? Mo fi ọ̀bẹ họ èèpo rẹ̀, tútù ló wà lábẹ́. Ṣé o gbọ́ mi?

OYÈNÍRAN: Ẹ pariwo díẹ̀!

SÀFÚRÁTÙ: Mo ní kò kú! Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́!

OYÈNÍRAN: Ṣé èmi ni mo ní kí òjò má rọ̀? Ọ̀dá ni. Ọyẹ́ ọdún yìí, even rédíò sọ ọ́—

SÀFÚRÁTÙ: Ọ̀dá! Abura Diepreye aládùúgbò wa ní òdìkejì ọ̀nà ńkọ́? Ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Ṣé oòrùn tirẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa ni?

[Ariwo wáyà]

SÀFÚRÁTÙ: Ṣé o gbọ́ mi? Diepreye ò gbẹ́ gọ́tà sídìí igi tirẹ̀ bí o ṣe gbẹ́ ẹ sídìí tiwa!

OYÈNÍRAN: Omi dé orúnkún nídìí igi nígbà òjò tí mo gbẹ́ ẹ! Tí omi bá dúró lẹ́yìn ilé wa l'Ajégúnlẹ̀, kí la máa ń ṣe? Ṣebí gọ́tà la máa ń gbẹ́? Bàbá ló kọ́ wa!

SÀFÚRÁTÙ: Lẹ́yìn ilé! Ṣé ilé ni igi? O rí ẹja nínú omi, o ní òtútù ń mú un! Igi àbàtà ni abura. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi abẹ́ ilẹ̀ ló ń mu títí òjò á fi padà. Ẹni tó bá da omi síwájú ní í tẹ ilẹ̀ tútù. Ìwọ da tìrẹ sínú ọ̀sà. Kànga Ìyá gan-an, ẹrẹ̀ la ń fà.

OYÈNÍRAN: Kànga náà?

SÀFÚRÁTÙ: Kànga náà! Ọmọ tó ní kí ìyá òun má sùn—

OYÈNÍRAN: Ẹ má fòwe nà mí mọ́! Kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún mi nígbà yẹn?

SÀFÚRÁTÙ: Ìyá sọ! O ní, "Ẹ̀yin ará oko, ẹ ò mọ nǹkan kan." O wọ bàtà òjò, ò ń pàṣẹ bíi sójà.

[Wáyà ń hó.]

SÀFÚRÁTÙ: Oyèníran? Ṣé o gbọ́ mi?

OYÈNÍRAN: Mo ń gbọ́ yín.

SÀFÚRÁTÙ: Ìyá ti fi ọparun àti amọ̀ dí gọ́tà ọ̀hún. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi pò ó. Bí òjò bá rọ̀, igi á rúwé. Àmọ́ pákó kì í rúwé!

OYÈNÍRAN: Ẹ ní kí wọ́n dúró.

SÀFÚRÁTÙ: Wọn ò gbọ́ tèmi! Ikechukwu ọ̀gá wọn rèé, mo wọ́ ọ wá síbí ni. Ó ní ẹnu ẹni tó rán òun lòun á ti gbọ́ ọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bóun bá ti padà débẹ̀, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

OYÈNÍRAN: Ẹ fún un ní fóònù.

SÀFÚRÁTÙ: Kí lo fẹ́ wí fún un?

OYÈNÍRAN: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fún un!

[Fóònù ń tọwọ́ bọ́ sọ́wọ́]

IKECHUKWU: Hello? Ọ̀gá? Abeg, ẹ sọ ọ́ kíá: ká gé e, àbí ká fi í sílẹ̀?

OYÈNÍRAN: Ikechukwu—

[Ariwo wáyà bò ó]

IKECHUKWU: Hello? Hello? Madam, your brother no talk anything o. Mò ń lọ.

OYÈNÍRAN: Fi í sílẹ̀! Ìyá mi ló wà níbẹ̀! Ikechukwu, ṣé o gbọ́ mi? Ṣé o gbọ́—

[Fóònù já.]