Púlọ́ọ̀gì Tó Kúrú

Mo lọ ra bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìlọta mi ní Ìkòtún, mo bá bàbá àgbẹ̀ kan láti Egan níwájú ọmọkùnrin tó ń ta páàtì ọkọ̀.

"Katakata àtijọ́ mi tó ń lo pẹtiróòlù kì í fẹ́ sítáàtì mọ́. Àwọn tó ń ra irin àlòkù ń bọ̀ wá gbé e lọ́sàn-án yìí."

"Ẹ jẹ́ n wo púlọ́ọ̀gì rẹ̀ tẹ́ ẹ mú dání yẹn, Bàbá. Ti jẹnẹrétọ̀ kékeré lẹ fi sí i yìí o."

"Ó ṣáà wọ ihò rẹ̀."

"Ó wọ̀ ọ́, àmọ́ ó kúrú. Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ò lè dáná nínú ààrò. Èyí tó gùn yìí ni tirẹ̀."

Bàbá fi méjèèjì wéra, ó wò wọ́n pẹ́.

"Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí lóòótọ́," ló wí jẹ́ẹ́. "Kó mẹ́rin fún mi. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ yá mi ní fóònù rẹ, kí n pe ilé kí wọ́n tó gbé e."