Kym Rodda Kọ́ Ló Jí Àpótí Bàbá Rẹ̀

Ẹ̀yin ará Wallaroo, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ eléyìí kí ọkàn mi tó yí padà: kò sẹ́ni tó jí àpótí irinṣẹ́ Col Rodda. Èmi Glenys Nankivell ni mo rà á. Ó ti lé ní ọdún kan tó ti wà nínú ilé páànù ẹ̀yìnkùlé mi, dúrọ́ọ̀ mọ́kànlá, táyà kéékèèké mẹ́rin lábẹ́, mo sì ń kó sípánà mi sínú rẹ̀ lójoojúmọ́ nígbà tí ẹ̀yin ń bú ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ má wulẹ̀ sọ fún ara yín pé àìsàn ló ń da orí mi rú. Ara mi yá, orí mi pé. Inú ló ń bí mi. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tá a ti sin Col ni inú ti ń bí mi, èmi fúnra mi sì ni mò ń bínú sí jù.

Ẹ mọ̀ pé nígbà tí mo fi iṣẹ́ wíwa bọ́ọ̀sì ilé ìwé sílẹ̀, ẹ̀rọ ìgékoríko ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún ṣe nílé. Irinṣẹ́ mi wà káàkiri nínú báàkẹ́tì àti agolo bisikíìtì. Bí mo bá ń wá sípánà kan, mo lè fi wákàtí kan tú ilé. Lọ́jọ́ kan mo rí káàdì kan lára pátákó ìpolówó ní ṣọ́ọ̀bù oníwèé ìròyìn. Col ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, lẹ́tà gàdàgbà: àpótí irinṣẹ́ onítáyà, ẹgbẹ̀rin dọ́là, ẹ wá wò ó. Mo wa ọkọ̀ akẹ́rù mi lọ sílé Col lójú ẹsẹ̀.

Col ti pé ẹni ọdún mẹ́rinlélọ́gọ́rin nígbà náà. Ogójì ọdún ló fi tún ẹ̀rọ ṣe ní èbúté ọkà. Kym ọmọ rẹ̀, tá a jọ lọ sílé ìwé, ló ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ látìgbà tí ìyàwó Kym ti kọ̀ ọ́, àmọ́ Kym ti lọ síṣẹ́ ìkórè fún ọ̀sẹ̀ méjì. Col nìkan ni mo bá nílé. Ó fi àpótí náà hàn mí, pupa tó ń dán, ó ń fà á síwá-sẹ́yìn bí ẹni ń mú ọmọ jó. "Ọwọ́ mi ò lè yí sípánà mọ́," ó ní. "Kàkà kó máa dípẹtà, ẹni tó máa lò ó ni kó mú un." Mo bi í pé èló ni. Ó ní ẹgbẹ̀rin, kò dín. Mo gbà. Owó náà wà lápò mi, ẹ gbọ́ mi dáadáa, ẹgbẹ̀rin dọ́là pé pérépéré lápò mi. Ó wọlé lọ po tíì. Nígbà tó jáde, ife méjì lọ́wọ́, ó wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, èló ni mo pè é fún ẹ lẹ́ẹ̀kan?"

Kí ló dé tí mi ò sọ òótọ́? Ebi ò pa mí. Kò sẹ́ni tó rán mi. Mo ní, "Igba dọ́là lẹ pè é." Ó fajú ro díẹ̀. "Igba?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ó dáa náà," ó ní. "Bí mo bá ti sọ ọ́, mo ti sọ ọ́ nìyẹn." Ọkùnrin tí kì í yẹ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ni mo fi rẹ́ ẹ jẹ. Ó tún bá mi tì í gun ọkọ̀.

Kí n tó wa ọkọ̀ padà sílé, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù yẹn, mo yọ káàdì náà lára pátákó, mo fà á ya, kí ẹnikẹ́ni má baà rí iye tó wà níbẹ̀. Káàdì yẹn ni ì bá gba Kym là. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Nígbà tí Kym fi máa dé, Col ti gbàgbé pátápátá pé òun ta nǹkan kan. Ó rí àyè òfìfo tí àpótí wà tẹ́lẹ̀, ọmọ rẹ̀ ló sì bi. Gbogbo wa la mọ̀ pé Kym ti bá ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ṣeré rí débi pé ilé àti ìyàwó bá a lọ. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti jáwọ́, àmọ́ ta ló ń ka ìyẹn? Mo wà lórí ìlà ní ilé búrẹ́dì nígbà tí Dulcie tó ń tajà níbẹ̀ ní, "Ẹ ti gbọ́? Kym ti ju àpótí bàbá ẹ̀ sẹ́nu ẹ̀rọ tẹ́tẹ́." Ẹnì kan dáhùn lẹ́yìn mi pé, "Ajá tó ti mọ adùn ẹyin, ta ló fẹ́ so ó mọ́lẹ̀?" Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ má dibọ́n, ẹ wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin ò mọ̀, èmi mọ̀. Kí ni mo sì sọ? Mo ní, "Col yẹn ló ṣeni láàánú." Mo gba páì ẹlẹ́ran mi, mo lọ jẹ ẹ́ nílé.

Mo ní màá sọ. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní mo rà á, wọ́n á bi mí pé èló, ìtìjú igba dọ́là yẹn ló dí mi lẹ́nu. Dípò kí n sọ, ọ̀dà búlúù ni mo lọ rà. Mo kun àpótí náà látòkè délẹ̀, mo kun orúkọ Col tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Rosslyn, ọmọ Col obìnrin, dé láti Adelaide lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan. Ojúde ni wọ́n ti ń jà. Mo ń bomi rin òdòdó mi lódìkejì títì. "Sọ ibi tó o tà á sí, ká lọ rà á padà," ni Rosslyn ń wí. Kym ní, "Mi ò fọwọ́ kàn án. Dádì, ẹ wojú mi. Ẹ wojú mi kẹ́ ẹ sọ pé èmi ni." Col wojú rẹ̀. Ó ní, "Olè ò ní sùn nílé mi." Kym kó ẹrù sínú àpò méjì, ó gba iwájú ilé mi kọjá, ó sì kí mi. Mo dá a lóhùn, omi ń ṣàn lé bàtà mi lórí, mi ò rántí láti ti ẹ̀rọ omi.

Ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó burú jù. Bí Kym ṣe lọ, kò sẹ́ni tó ń se oúnjẹ fún Col mọ́. Ó wá ń rìn kiri àdúgbò, ó ń yọjú sí ilé páànù oníkálukú, ó ń wá àpótí rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo gbójú sókè, òun nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà ilé páànù mi, sálúbàtà lẹ́sẹ̀ kan, bàtà lẹ́sẹ̀ kejì. Kò kí mi. Ó lọ tààrà sídìí àpótí náà, ó di dúrọ́ọ̀ kẹta mú. Dúrọ́ọ̀ yẹn máa ń há. Àfi kéèyàn gbé e sókè díẹ̀ kó tó fà á. Èmi gan-an, ó tó oṣù kan tí mo fi bá a jà kí n tó mọ̀ ọ́n. Col gbé e sókè díẹ̀, ó fà á, ó ṣí wọ́ọ́rọ́. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ohun tí orí rẹ̀ ti gbàgbé. Ó ní, "Glenys, tèmi rèé."

Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Kí n ṣáà ti ní bẹ́ẹ̀ ni, Kym á padà wálé lọ́jọ́ yẹn gan-an. Mo fi aṣọ nu ọwọ́ mi. Mo ní, "Rárá o, Col. Port Pirie ni mo ti ra èyí, ó ti lé lọ́dún méjì. Pupa ni tiyín. Bí gbogbo wọn ṣe máa ń há nìyẹn." Ó wo àwọ̀ búlúù yẹn. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ń yí i síwájú sẹ́yìn bí ẹni pé ọwọ́ náà ló parọ́ fún òun. Omi lé rodo sójú rẹ̀. "Má bínú, ọmọ mi," ó ní. "Mo fẹ́ pè ẹ́ lólè nínú ilé ara ẹ. Orí mi ò pé mọ́. Jọ̀ọ́, forí jì mí." Mo ní, "Kò burú, Col, mo ti forí jì yín." Mo di apá rẹ̀ mú, mo sìn ín délé. Ṣé ẹ gbọ́? Èmi ni mo forí jì í.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Rosslyn mú un lọ sílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Kadina, ibi tó ti búra pé òun ò ní lọ láéláé. Oṣù mẹ́rìnlá ló lò níbẹ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú, Kym ò wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnu géètì ló dúró sí nínú afẹ́fẹ́, nínú kóòtù tó fún un mọ́ra. Èmi ni mò ń gbé àwo sáńwíìṣì kiri. Rosslyn sọ fún mi pé, "Má gbé ìkankan dé ọ̀dọ̀ olè yẹn o." Mo sì yà kúrò lọ́nà rẹ̀. Ìgbà tí mo délé tí mo bọ́ bàtà ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi.

Lánàá, mo lọ bá Kym ní ọgbà kárávàn létí òkun, nínú ilé onítáyà tó ń gbé, mo rò ó fún un bí mo ṣe rò ó fún yín yìí. Mo rò pé á lù mí. Mo fẹ́ kó lù mí. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń yí ife kọfí lọ́wọ́. Ó ní, "Ó ní kó o forí ji òun?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ó sunkún?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni mò ń lọ sí Kadina. Kò jẹ́ kí n wọ yàrá ẹ̀ títí tó fi kú. Ẹ̀bẹ̀ tí mò ń retí lẹ́nu ẹ̀ nìyẹn, Glenys. Ìwọ lo gbà á." Ó dìde, ó wọlé, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Mi ò ní kẹ́ ẹ forí jì mí, kì í ṣe ẹ̀yin ni mo ṣẹ̀. Ẹ lọ kan ilẹ̀kùn Kym, ẹ̀yin tẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kó tó kó kúrò nílùú yìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, irọ́ tó bayé èèyàn jẹ́ yìí, nídìí ife tíì ni mo ti pa á, nínú oòrùn, kò sì ju ọ̀rọ̀ márùn-ún lọ. Bí arúgbó bá bi yín pé kí ni òun sọ, ohun tó sọ ni kẹ́ ẹ sọ fún un.