Ẹ̀wù Tí Ọ̀gágun Mú Lórí Tábìlì Òsì

Alága wa, ẹni tí gbogbo àwọn tó ń wo fídíò mọ̀ sí Ọ̀gágun, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ jókòó síwájú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fẹ̀yìn tì ṣáájú mi tí ara yín sì ń dán báyìí, mo kí yín. Ẹ̀yin àlejò, ẹ̀yin ará àdúgbò tí òórùn ọ̀dà wa ń wọlé tọ̀ láràárọ̀, tẹ́ ò sì torí ẹ̀ bá wa jà, mo kí yín. Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ kú ìjókòó o. Mo rí i pé ibi tí oúnjẹ wà lẹ ń wò, ẹ ṣì ní láti mú sùúrù. Mo sì kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wò wá nínú fóònù yín, torí Ọ̀gágun ti gbé kámẹ́rà síwájú mi níbí, ó ní ìdágbére Màmá Ọlọ́dà gbọ́dọ̀ dé etí gbogbo ọmọ ogun òun. Orúkọ tó ń pe àwọn tó ń wò ó nìyẹn. Ó dáa bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo yín pátá ni mo kí.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ kí n sì jókòó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá mi ṣiṣẹ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ díẹ̀ kì í bá mi lára mu. Ọpẹ́ pọ̀ lẹ́nu mi, màá sì sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo bá wá, kó má bàa ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ẹnì kan wà tó yẹ kó jókòó sáàárín wa lónìí tí kò jókòó. Ọlọ́wọ́-jẹ́jẹ́ là ń pè é, obìnrin tó ń gé àmì ọrùn ẹ̀wù níbi iṣẹ́ wa. Wọ́n bà á lórúkọ jẹ́ lórí ohun tí kò ṣe. Kí n tó kúrò níbí lónìí, orúkọ yẹn máa mọ́.

Iṣẹ́ pátákó kíkọ ni bàbá mi kọ́ mi. Èmi ni mo kọ èyí tó pọ̀ jù nínú pátákó tẹ́ ẹ máa ń rí lójú ọ̀nà ọjà, ti onísọ́ọ̀bù, ti onígbàjámọ̀, ti dókítà eyín. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà dé, tí kálukú ń tẹ pátákó tiẹ̀ nínú ẹ̀rọ, ọwọ́ mi dilẹ̀. Mo jókòó sílé, mò ń bínú sí gbogbo èèyàn. Ẹ bi ọkọ mi. Àsìkò yẹn ni Ọ̀gágun wá bá mi. Kò tíì di Ọ̀gágun nígbà náà, ọmọ ọ̀rẹ́ mi ni, inú ilé ìdáná ìyá ẹ̀ ló ti ń ṣe fídíò, ó máa ń fi fóònù ti ike iyọ̀ kó má bàa ṣubú. Ó ń pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín ni. Àfi ọjọ́ tó rí àsíá tó ti ya lórí ilé ìwé tó lọ ní kékeré. Inú bí i, ó pariwo nínú fídíò títí ohùn ẹ̀ fi há. Àwọn tó wò ó lọ́jọ́ yẹn ju gbogbo àwọn tó ti ń wò ó látẹ̀yìn wá lọ.

Ilẹ̀ mọ́, ó kan ilẹ̀kùn mi. "Màmá, ẹ bá mi kọ ọ̀rọ̀ kan sára ẹ̀wù." Mo ní, "Ọ̀rọ̀ wo?" Ó ní, "Ilẹ̀ Mi Kì Í Ṣe Títà." Mo bá a kọ ọ́, mo ya àsíá sí i lókè, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á bí ẹni ń ta omi tútù lọ́jọ́ oòrùn. Ẹ̀yin náà ń rẹ́rìn-ín, ṣé ẹ rí i? Àwa gan-an rẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Bí iṣẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mi ò ní bú u, torí òun ló bọ́ ilé mi. Ọ̀gágun á wá ohun tó ń dun àwọn èèyàn, á sọ̀rọ̀ lé e lórí títí ara wọn á fi gbóná, ìgbà tó bá ti gbóná dáadáa, á na ẹ̀wù sókè, á ní, "Tó o bá fẹ́ràn ilẹ̀ rẹ, wọ̀ ọ́." Bí ọ̀rọ̀ ara ẹ̀wù bá ṣe le tó ló ṣe máa ń yá tó. A tẹ "Mi Ò Bẹ̀rù Ẹnikẹ́ni." A tẹ "Bí Inú Bá Ń Bí Ẹ, Ó Kù Sí Ẹ Lọ́wọ́." Bàbá kan ra "Mi Ò Bẹ̀rù Ẹnikẹ́ni," ó tún wá pè wá lórí fóònù, ó ń rọra sọ̀rọ̀, ó ní ká jọ̀ọ́ má gbé e wá sílé òun, ìyàwó òun ò gbọ́dọ̀ rí i. Dírẹ́bà wa ló lọ gbé e fún un lẹ́yìn ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Dírẹ́bà, o ṣé, o ò tú àṣírí ẹnikẹ́ni rí. Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ wà nídìí ẹ̀rọ gbígbóná, tí apá yín kò bọ́ lọ́wọ́ iná, tẹ́ ẹ sì tún máa ń fi orin lé oorun lọ lójú mi lọ́sàn-án, ẹ ṣé. Mi ò lè san án fún yín.

Ẹ wá gbọ́ o. Ẹ̀wù tí à ń tẹ ọ̀rọ̀ sí lára, a kì í rán an níbí. Òkè òkun ló ti ń wá, nínú bélì, ìyẹn ìdì aṣọ ńláńlá, gbogbo wa la mọ̀. Aṣọ kékeré kan máa ń wà lẹ́yìn ọrùn ẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ ìlú tí wọ́n ti rán an sí. Tábìlì méjì la ní. Ẹ̀wù tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú bélì, tábìlì òsì. Ọlọ́wọ́-jẹ́jẹ́ á gé àmì yẹn kúrò, á rán tiwa sí i, èyí tá a kọ "Ọwọ́ Ọmọ Onílẹ̀ Ló Ṣe É" sí, á wá gbé e lọ sórí tábìlì ọ̀tún. Èmi náà ti bá a gé e nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ wá lọ́rùn. Kò sí ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ rọ̀ tó tiẹ̀, kò dá ẹ̀wù kan ṣoṣo lu rí. Òun alára kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí, ó gbé ọmọ ẹ̀ pọ̀n wá láti ìlú òkèèrè ni. Òun ló wá ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ rán "Ọmọ Onílẹ̀" mọ́ ọrùn yín. Mo máa ń fi dá a lápàárá, àwa méjèèjì á rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú fóònù, ẹ má tíì pa á. Ọ̀rọ̀ yín ló kàn.

Ẹ rántí ọjọ́ tí Ọ̀gágun gbé kámẹ́rà wọ ibi iṣẹ́ wa, tẹ́ ẹ ń wò ó bó ṣe ń lọ. Ó sáré wọlé, inú ẹ̀ ń dùn, ojú ẹ̀ wà lára kámẹ́rà. Ó na ọwọ́, ó mú ẹ̀wù kan, ó yí ọrùn ẹ̀ síta fún yín, ó ní, "Ẹ wò ó, ẹ fúnra yín kà á, ọwọ́ ọmọ onílẹ̀." Ẹ sì kà á. Orúkọ ìlú onílùú lẹ bá níbẹ̀. Ẹ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi pa kámẹ́rà. Nígbà tó tún máa jáde sí yín, ó ní àlejò kan tó wà láàárín wa ló mọ̀ọ́mọ̀ fi àmì yẹn sílẹ̀ láti dójú ti òun. Kò dárúkọ. Ṣé ó nílò kó dárúkọ? Ẹ ti rí obìnrin náà lẹ́yìn ẹ̀ nínú fídíò.

Tábìlì òsì ló ti mú ẹ̀wù yẹn. Mo wà níbẹ̀, mi ò jìnnà sí i. Ẹ̀wù tí Ọlọ́wọ́-jẹ́jẹ́ kò tíì fọwọ́ kàn ni. Gbogbo wa tá a wà nínú yàrá yẹn la rí i, a sì dákẹ́ torí pé òun ló ń fún wa ní iṣẹ́. Àwọn kan lára yín wá ilé obìnrin yẹn kàn. Wọ́n gbá ilẹ̀kùn ẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà kọ "Kúrò Níbí" sára ògiri ẹ̀. Ẹ̀wù wa ni wọ́n wọ̀ wá. Ọwọ́ ẹ̀ ló rán àmì ọrùn ẹ̀wù tó wà lára wọn. Èmi ni mo fi kẹrosínì fọ ògiri yẹn, ọmọ ẹ̀ sì dúró tì mí, ó ń bi mí pé kí ni ìyá òun ṣe. Ó dùn mí wọnú egungun. Obìnrin yẹn ò padà sí ibi iṣẹ́ mọ́, kò sì sí ibòmíì tó fẹ́ gbà á, torí ojú ẹ̀ ti wà nínú fóònù gbogbo èèyàn.

Ọ̀gágun, ẹ jẹ́ kí n bọ́ oyè alága yẹn sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, kí n bá ọ sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́ ìyá ẹ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọkọ mi, ìwọ lo sùn sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ọsibítù, o ò sì ṣe fídíò ẹ̀. Mi ò jẹ́ gbàgbé ìyẹn láéláé. Èèyàn rere ni ẹ́. Mo sọ ọ́ níwájú kámẹ́rà, mi ò sì ní kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ìdí nìyí tí mo fi ń bá ọ wí, torí ká ní èèyàn burúkú ni ẹ́ ni, màá kàn gba ẹ̀rọ ìránṣọ tó o fi ta mí lọ́rẹ ìdágbére yìí, màá sì máa lọ. Mo bá ọ sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, o ní, "Màmá, ẹ fi sílẹ̀, á rọlẹ̀." Ó ti rọlẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Kò tíì rọlẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́wọ́-jẹ́jẹ́.

Mo ní kó wá síbí lónìí. Ó ní òun ò lè wọ inú ilé tí wọ́n ti ń pe òun ní ọ̀dàlẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà láti tẹ̀ lé dírẹ́bà wá. Inú ọkọ̀ ló wà níta yẹn, òun àti ọmọ ẹ̀. Kò mọ̀ bóyá òun máa sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n ṣàdúrà kí n tó jókòó. Ọlọ́run á jẹ́ kí ọwọ́ yín máa ríṣẹ́ ṣe. Kò ní í jẹ́ kẹ́ ẹ fẹ̀yìn tì pẹ̀lú àìsàn. Ọmọ yín á ṣe yín lóore. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wò wá, ìfẹ́ ilẹ̀ yín kò ní í kúrò lọ́kàn yín, kò sì ní í sọ yín di ẹni tó ń gbá ilẹ̀kùn obìnrin lójijì. Ilé iṣẹ́ tí mo ń fi sílẹ̀ yìí kò ní í dà rú lẹ́yìn mi. Ẹ ti ṣoore fún mi, ẹ sì ṣe é tọkàntọkàn, Ọlọ́run á san án fún yín o.

Dírẹ́bà, jókòó, kì í ṣe ìwọ ló máa lọ ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ yẹn. Ọ̀gágun, ìwọ ni mò ń wò. Sọ fún un níta bí ẹ̀wù yẹn ṣe dé ọwọ́ ẹ, kó o wá padà sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ogun ẹ.

Ó ti dìde. Ẹ fa àga yẹn sẹ́yìn fún un kó rí ọ̀nà kọjá. Ìwọ tó o di kámẹ́rà mú, yí i kúrò lójú mi, tẹ̀ lé e.