Mo Ba Iṣẹ́ Rọfíà Jẹ́, Ó sì Gbà Pé Òun Ni Kò Mọṣẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi. Ó ti lé lọ́dún kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Ọkọ mi kò mọ̀. Mò ń wọ sùtánà funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, n kò sì lè sọ ọ́ fún wòlíì wa. Mò ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ẹni tí mo ṣẹ̀ ti wá gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ mi, n kò sì mọ èsì tí n ó fún un.

Iṣẹ́ wẹ́bùsáìtì ni mò ń ṣe. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìgándò. Ibẹ̀ ni Rọfíà ti wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, mo fi ọdún mọ́kànlá jù ú lọ, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Kí ẹ má rò pé n kò fẹ́ràn rẹ̀.

Ilé-ìwé aládàáni kan wà ní Ìṣẹ̀rí-Olófin tí mò ń bá bójú tó wẹ́bùsáìtì wọn. Ibẹ̀ ni àwọn òbí ti ń wo èsì ìdánwò ọmọ wọn. Òbí kọ̀ọ̀kan ní páásíwọ̀dù tirẹ̀, wọ́n á sì gbàgbé rẹ̀ ṣá. Ẹni tó bá ti gbàgbé, èmi ni yóò pè. "Àǹtí Bísí, ẹ gbà mí o, kò ṣí!" Kí n sòótọ́, mo gbádùn ìpè yẹn. Iṣẹ́ tí mo kọ náà sì lọ́ mọ́ra débi pé èmi nìkan ni mo lè tọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo rò pé ọgbọ́n nìyẹn.

Rọfíà ti gba òmìnira iṣẹ́ lọ́wọ́ mi nígbà tí mo lọ bímọ. Ìyá tó ni ilé-ìwé náà, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì, ní kó wá bá òun wo wẹ́bùsáìtì náà. Kí n tó padà dé, Rọfíà ti tún un kọ látìbẹ̀rẹ̀. Ó dín wàhálà inú rẹ̀ kù pátápátá. Ó mú páásíwọ̀dù kúrò, ó fi ohun tí wọ́n ń pè ní páásíkíì rọ́pò rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni máa há sórí mọ́. Ìka tí èèyàn fi ń ṣí fóònù rẹ̀ náà ló máa fi wọlé.

Lọ́jọ́ ìpàdé àwọn òbí, ìyá àgbà kan tí kò mọ̀wé fi àtàǹpàkò kan fóònù, èsì ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì yọ. Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rọ yìí mọ̀ mí!" Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún Rọfíà. Mọ́mì kọjú sí mi: "Bísí, ṣé bó ṣe rọrùn tó rèé, lo wá ń dà wá láàmú látọjọ́ yìí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo sì bá wọn pàtẹ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò pè mí mọ́. Bí Rọfíà bá kí mi, mo máa ń wo ẹnu rẹ̀ bóyá ó ń fi mí ṣẹ̀sín. Kò fi mí ṣẹ̀sín rí.

Lọ́jọ́ kan ó gbé láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní kí n bá òun yẹ nǹkan kan wò. Nígbà tó yá, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ bá mi mójú tó o, mo fẹ́ lọ kírun àílà." Ojú ibi tí alákòóso wẹ́bùsáìtì ilé-ìwé náà nìkan ń wọ̀ ló fi sílẹ̀ ní ṣíṣí. Mo fi fóònù mi kún àwọn tó lè wọ ibẹ̀, mo sì fi ìka mi tẹ̀ ẹ́. Kò gbà tó ìṣẹ́jú méjì. Nígbà tó dé, mo ní, "Ọlọ́run á gbà á o."

Nígbà tí èsì jáde, mo wọlé, mo da máàkì kíláàsì kan rú. Mo gbé ti olódo fún ẹni tó mọ̀wé. Lẹ́yìn náà, mo yọ fóònù mi kúrò. Ẹ jọ̀ọ́, mo rò pé ariwo lásán ni yóò dá sílẹ̀. N kò mọ̀ pé bàbá ọmọbìnrin kan yóò na ọmọ rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi wú, kí wọ́n tó mọ̀ pé èsì náà kì í ṣe tirẹ̀.

Mọ́mì lé Rọfíà níwájú àwọn òbí. "Ohun tí kò ní páásíwọ̀dù, ilé tí kò nílẹ̀kùn ni!" Mo wà níbẹ̀. Mo tiẹ̀ fi kún un pé, "Mo ti ń sọ fún un pé ó ń yára jù."

Rọfíà kò jiyàn. Ó tẹ̀lé mi dé ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Àǹtí mi, mo ti wò ó títí, n kò rí ibi tí mo ti ṣàṣìṣe. Ó jọ pé n kò mọ iṣẹ́ yìí." Mo fọwọ́ pa á lẹ́yìn, mo ní kó lọ sinmi.

Iṣẹ́ náà padà sọ́wọ́ mi. Mọ́mì ní kí ọmọ mi àgbà máa wá kàwé níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Rọfíà ta láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀, ó sì ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di ẹ̀wà sínú àpò ní ọjà Ṣáṣá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó pè mí. Ó ní iléeṣẹ́ kan ń wá ẹni tó mọ iṣẹ́ páásíkíì, wọ́n sì fẹ́ gba òun, àmọ́ ẹ̀rù ń ba òun, òun fẹ́ kọ̀ ọ́. "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ mí jù, Àǹtí mi. Ẹ sòótọ́ fún mi. Ṣé mo lè ṣe é?"

Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí n ó sọ yìí ló burú jù. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé: kí ló dé tí kì í ṣe èmi ni wọ́n pè? Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa, mo sì gé ìpè náà.

Ọjọ́ Ẹtì ló máa fún wọn lésì. Bí mo bá kàn sọ pé ó lè ṣe é, ó lè gbà á, àmọ́ yóò ṣì máa rò pé àìmọ̀ṣẹ́ òun ló jẹ́ kí wọ́n na ọmọ ọlọ́mọ. Bí mo bá sì jẹ́wọ́, iṣẹ́ mi lọ, ọmọ mi kúrò nílé-ìwé, Mọ́mì sì lè fi ọlọ́pàá mú mi.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyá, kí ni kí n ṣe? Ẹ má wulẹ̀ ní kí n gbàdúrà, mo ti gbà á. Rọfíà ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí, n kò tíì gbé e.